Ẹni Tí Kò Wá Ni Kí A Fi Ṣe Òṣùwọ̀n

Ní gbogbo ilé-ìkàwé tí mo ti ṣiṣẹ́ ní Lomé, ìwé ńlá kan máa ń wà lórí tábìlì ẹnu ọ̀nà tí àlejò ń kọ orúkọ rẹ̀ sí kó tó wọlé. Àwọn ọ̀gá fẹ́ràn ìwé yìí. Bí oṣù bá parí, a ó ka iye ènìyàn tó wá, a ó fi ránṣẹ́, ẹni tó ń gbé owó kalẹ̀ yóò sì mọ̀ pé owó òun kò ṣòfò. N kò bá ìwé náà jà. Àmọ́ bí mo ṣe ń pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí ni mo ń rí i pé ohun tó yẹ kí n mọ̀ jù kò sí nínú rẹ̀. Kò sí ìyá aránṣọ tó ń gbé òdìkejì títì níbẹ̀, ẹni tí kò wọlé wa rí kí n tó lọ pè é. Kò sí ọkùnrin tó wa kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dé ìdí àtẹ̀gùn tó sì yí padà. Kò sí ọmọ adití tó yà wá, tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò lè kí. Ilé-ìkàwé ń ṣe oríṣiríṣi ètò ọ̀fẹ́ fún ìrọ̀rùn àti ìlera aráàlú lónìí, èrò mi lórí gbogbo wọn kò sì ju ẹyọ kan lọ: ẹni tí kò wá ni kí a fi ṣe òṣùwọ̀n wọn.

Láti ọdún 1949 ni UNESCO ti ní ìkéde lórí ilé-ìkàwé aráàlú. Wọ́n tún un ṣe ní 1972, ní 1994 àti ní 2022. Ohun tó ń sọ kò lọ́jú pọ̀. Ilé-ìkàwé wà fún gbogbo ènìyàn láìwo ọjọ́ orí, ẹ̀sìn, èdè tàbí ipò. Ọ̀fẹ́ ló yẹ kó jẹ́. Ẹni tí kò bá sì lè lo ohun tí àwọn yòókù ń lò, kí a wá èyí tó bá a mu fún un, ìbáà jẹ́ aláàbọ̀ ara, ìbáà jẹ́ ẹni tó wà lórí ibùsùn ilé ìwòsàn tàbí nínú ẹ̀wọ̀n. Nínú ìpàdé, gbólóhùn pé ọ̀fẹ́ ni la máa ń fọwọ́ sọ̀yà lé. Èyí tó kẹ́yìn ló máa ń bọ́ sílẹ̀ lọ́nà.

Ọ̀fẹ́ pàápàá ní iye tó ń náni ní Lomé. Ẹni tó ń bọ̀ láti Adidogomé tàbí Agoè yóò sanwó ọ̀kadà, èyí tí a ń pè níbí ní zémidjan tàbí oléyia, ní àlọ àti ní àbọ̀. Ìyá ọlọ́jà tó bá kúrò nídìí igbá rẹ̀ ní Assigamé, ọjà ńlá ìlú, lọ́sàn-án gangan, oníbàárà rẹ̀ á yà sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Bí òjò oṣù kẹfà bá dé, omi á gba ojú ọ̀nà ní àwọn àdúgbò tó sún mọ́ ọ̀sà, arúgbó kò sì ní jáde. Ètò tí a bá gbé sí aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹni tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ la ṣe é fún. Ìdí nìyí tí a fi gbé tiwa lọ sí ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, nígbà tí ọjà ńlá ti tì, tí àwọn onísìn sì ti jáde. Kò ná wa ní kọ́bọ̀.

Lẹ́yìn èyí ló kan ẹnu ọ̀nà. Orí iyanrìn ni a kọ́ Lomé sí, ọ̀pọ̀ òpópónà àdúgbò ni kò sì ní ọ̀dà. Kẹ̀kẹ́ arọ ẹlẹ́sẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tí à ń rí ní ilé ìwòsàn, rírì ló máa ń rì. Ìdí tí àwọn tí àrùn rọpárọsẹ̀ bá jà fi ń lo kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń fi ọwọ́ wà nìyẹn. Apá wọn le, wọ́n á gba inú iyanrìn àti inú ọkọ̀ kọjá, wọ́n á dé ọ̀dọ̀ wa. Àtẹ̀gùn méjì ni yóò dá wọn dúró. Bí àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan bá ga ní sẹ̀ǹtímítà 15, gíga méjèèjì jẹ́ 30. Òṣùwọ̀n tí àwọn onímọ̀ ilé ń lò ni pé kí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ gùn ní ìlọ́po méjìlá gíga tó fẹ́ gùn. Tiwa nílò mítà mẹ́ta àti sẹ̀ǹtímítà 60. Bírìkìlà kì í fẹ́ gbọ́ èyí. Yóò ní mítà kan ti tó, àyè kò sí, sìmẹ́ǹtì wọ́n. Mítà kan á dára nínú fọ́tò, àmọ́ kò sí apá tó lè wa kẹ̀kẹ́ gùn ún láìsí ẹni tí yóò máa tì í lẹ́yìn, ẹni tí a bá sì gbọ́dọ̀ tì kó tó wọlé, yóò rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó padà wá.

Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tún fẹ̀ ju ilẹ̀kùn lọ. Bó bá dé òkè, níta ni ẹni tó ni ín yóò fi sílẹ̀ sí, tí yóò fi ọwọ́ méjèèjì rá wọlé níṣojú àwọn ọmọ ilé-ìwé. Mo ti rí i, n kò sì fẹ́ rí i mọ́. Ohun tó yanjú rẹ̀ lọ́dọ̀ wa ni kẹ̀kẹ́ arọ kan tó ń dúró nínú ilé, lórí ilẹ̀ dídán, kí ènìyàn bọ́ láti inú tirẹ̀ sínú rẹ̀, àti tábìlì kan lábẹ́ òrùlé ọ̀dẹ̀dẹ̀ fún ẹni tí kò fẹ́ bọ́ sílẹ̀ rárá. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn kò sinmi láti ìgbà tí a ti ṣe é: àwọn ìyá tó pọnmọ, bàbá arúgbó tó ń tẹ̀ ọ̀pá, alábàárù tó gbé páálí ìwé wá.

Ojú ló tẹ̀lé e, ẹnì kan tó jẹ́ Yorùbá bíi tèmi ló sì fi yé mi. Yorùbá ti pẹ́ ní Lomé. Àdúgbò kan wà láàárín ìlú tó ń jẹ́ Anagokomé, ọ̀dọ̀ àwọn Ànàgó, bí wọ́n ṣe ń pè wá níbí. Ìyá aránṣọ tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, bàbá rẹ̀ wà lára àwọn tí òfin ìjọba Gáná lé jáde ní 1969. Lomé ló sinmi sí, kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́. Nínú fọ́ọ̀mù Faransé wa, irú ìyá bẹ́ẹ̀ ni à ń kọ sí pé kò mọ̀wé. Bẹ́ẹ̀, láti ìgbà ọmọge ló ti ń ka Bíbélì Yorùbá tí Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ parí ní 1884. Mo yà sí ìsọ̀ rẹ̀, mo kúnlẹ̀ kí i, mo ní, "Màmá, ẹ yà sọ́dọ̀ wa lọ́jọ́ Àìkú."

Ó ní, "Ọmọ mi, ìwé ti kúrò lọ́wọ́ tèmi. Ojú ti ṣú."

Mo bi í pé ta ló ń bá a fi òwú sí abẹ́rẹ́. Ó ní ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ ni. Mo bẹ̀ ẹ́ kó fi sí i kí n rí i. Ó na apá jìnnà bí ẹni tó fẹ́ gbé nǹkan fún ará òdìkejì, ó gbé orí sẹ́yìn, òwú ń gba ẹ̀gbẹ́ abẹ́rẹ́ kọjá. Nígbà tó wá lọ́jọ́ Àìkú, nọ́ọ̀sì tó máa ń bá wa ṣiṣẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, ó gbé awò ojú kan lé e lójú, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 2. Díẹ̀díẹ̀ ni apá ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í ká bọ̀. Ó wo òwú títí. "Háà! Òwú yìí ní irun!" Ó fi sí abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ó so ó ní kókó. Lẹ́yìn náà ló yí ojú sí aṣọ tó wà lọ́rùn rẹ̀, tí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ rán, ó sì bínú gidi, nítorí ó ti wá rí bí gbogbo ojú rírán rẹ̀ ṣe wọ́.

Kò sí iṣẹ́ ìyanu nínú èyí. Bí ènìyàn bá ti ń lé ní ogójì ọdún, ojú kì í mú nǹkan kéékèèké tó wà nítòsí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ nínú ìròyìn rẹ̀ ní 2019 pé ó kéré tán, bílíọ̀nù 2.2 ènìyàn ní ìṣòro ojú, àti pé bílíọ̀nù kan nínú wọn ló jẹ́ èyí tí a lè ti dènà tàbí tí a kò tíì tọ́jú. Ní Assam ní Íńdíà, wọ́n fi òṣìṣẹ́ oko tíì 751 tí wọ́n ti pé ogójì ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ ṣe ìwádìí kan tó jáde nínú The Lancet Global Health ní 2018. Wọ́n fún àwọn kan ní awò, àwọn yòókù kò tíì gbà. Iṣẹ́ àwọn tó gbà á fi ìdá 21.7 nínú ọgọ́rùn-ún tẹ̀síwájú ju ti àwọn tí kò gbà lọ. Àgbà ìlú tó ní òun ti jáwọ́ nínú ìwé kíkà, ó lè jẹ́ awò kékeré yẹn nìkan ló kù ú kù.

Àmọ́ tábìlì awò kò gbọdọ̀ dá dúró. Àrùn tí àwọn dókítà ń pè ní glaucoma wọ́pọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Lọ́pọ̀ ìgbà kì í dunni. Ẹ̀gbẹ́ ojú ló ti ń jẹ wọ inú, ohun tó bá sì ti jẹ kì í padà. Nítorí náà nọ́ọ̀sì wa á kọ́kọ́ béèrè: ṣé ẹ ń rí ọ̀nà jíjìn dáadáa, ṣé ẹnì kan nínú ẹbí fọ́ lójú, ṣé ẹ máa ń fi èjìká gbá nǹkan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́? Bí ìdáhùn bá kọni lóminú, ìwé ìránnilọ sí ilé ìwòsàn ni a ó fún un.

Fún ẹni tí kò ríran rárá, ìwé fúnra rẹ̀ ni ìṣòro. Láti 1829 tí Louis Braille ti gbé ìlànà ìkọ̀wé rẹ̀ jáde ni afọ́jú ti lè fi ìka kàwé, síbẹ̀ àjọ World Blind Union ṣírò rẹ̀ pé kò tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ìwé tí à ń tẹ̀ tó wà ní ọ̀nà tí wọ́n lè gbà kà á. Àdéhùn Marrakesh ti ọdún 2013, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2016, gba àwọn ilé-ìkàwé láàyè láti ṣe irú ìwé bẹ́ẹ̀ láìkọ́kọ́ tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, kí wọ́n sì fi ránṣẹ́ kọjá ẹnu ààlà sí orílẹ̀-èdè mìíràn tó wà nínú rẹ̀. Nàìjíríà wọ inú rẹ̀ ní 2017. Ní ti kọ̀ǹpútà, NVDA wà, èyí tó ń ka ohun tó wà lójú ẹ̀rọ sókè. Michael Curran àti James Teh, ará Ọsirélíà méjì tí àwọn fúnra wọn jẹ́ afọ́jú, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2006, ọ̀fẹ́ sì ni. Kọ̀ǹpútà àlòkù láti àdúgbò Dékon ní Lomé àti gbohùngbohùn etí kan ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀.

Àmọ́ ohùn Faransé ni ẹ̀rọ wa ń sọ. Bó bá dé orí Ewe tàbí Yorùbá, ńṣe ló ń kà á bí Faransé, ẹ̀rín á sì pa wá tán. Ibẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ti wúlò fún wa: wọ́n ń fi fóònù gba ohùn ara wọn bí wọ́n ti ń kàwé, orí kan lẹ́yìn òmíràn. A kọ́ wọn pé kí wọ́n pa fáànù, kí wọ́n jìnnà sí fèrèsé tó kọjú sí títì, kí wọ́n sì máa dárúkọ nọ́ńbà ojú ìwé, torí ọmọ tó ń múra ìdánwò gbọ́dọ̀ lè sọ ojú ìwé tó ti mú ọ̀rọ̀ jáde. Afọ́jú kan ló fi ìkẹyìn yìí yé wa. Ó ní ẹni tó ń ran òun lọ́wọ́ láìbéèrè ohun tí òun fẹ́, ara rẹ̀ ló ń ràn lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ àwọn adití Lomé kò sì ṣàjèjì sí ilẹ̀ Yorùbá. Andrew Foster, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú tí òun náà jẹ́ adití, tó sì jẹ́ adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó gboyè ní Gallaudet, ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn adití ní Amẹ́ríkà, ní 1954, ló dá ilé-ìwé adití sílẹ̀ ní Accra ní 1957, ó tún dá ti Ìbàdàn sílẹ̀ ní 1960. Ìbàdàn yìí náà ló ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ tó wá láti àwọn ilẹ̀ tó ń sọ Faransé. Kó tó kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ òfurufú ní Rwanda ní 1987, iṣẹ́ rẹ̀ ti dé Tógò àti Benin. Èdè ọwọ́ Amẹ́ríkà tó mú wá ni gbòǹgbò èyí tí wọ́n ń sọ ní Lomé títí di òní. Nítorí náà, adití láti Ìbàdàn tó bá dé Lomé lè rí ẹni bá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kan náà, nígbà tí èmi tó gbọ́ràn ṣì ń há èdè Mina sórí.

Bí a bá pe àwọn adití síbi ọ̀rọ̀ ìlera, owó ògbufọ̀ nìkan kò tó. Ògbufọ̀ kò gbọdọ̀ kọ̀yìn sí fèrèsé, torí ìmọ́lẹ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ yóò sọ ọwọ́ rẹ̀ di òjìji. Àga kò gbọdọ̀ tò bíi ti ṣọ́ọ̀ṣì. Ìdajì òbìrípo ni yóò wà, kí adití lè rí ojú adití ẹgbẹ́ rẹ̀ nígbà tí ìbéèrè bá dé.

Nínú gbogbo ètò ìlera, ìdí tí ti ẹ̀jẹ̀ ríru fi yẹ kó wà lọ́dọ̀ wa ló yé mi jù. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2021 pé bílíọ̀nù 1.28 àgbàlagbà tó wà láàárín ọdún 30 sí 79 ló ní in, ìdá 46 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni kò sì mọ̀. Kí wíwọ̀n rẹ̀ tó lè jẹ́ òótọ́, ènìyàn gbọ́dọ̀ ti jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ̀yìn rẹ̀ fara ti nǹkan, kí ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀, kí apá wà ní ìbámu pẹ̀lú àyà, kó má sì sọ̀rọ̀. Ta ló lè ṣe èyí ní Assigamé, níbi tí ìyá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ agbọ̀n kalẹ̀ tí oníbàárà sì ń pè é? Ilé-ìkàwé nìkan ni mo mọ̀ ládùúgbò tí ènìyàn ti lè jókòó láìsọ̀rọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní bi í pé kí ló fẹ́ rà. Nọ́ọ̀sì ló ń wọ̀n ọ́n. Tiwa ni àga, ìdákẹ́jẹ́ àti aṣọ ìkélé. Orí káàdì la ń kọ nọ́ńbà sí, a kì í pariwo rẹ̀, torí àdúgbò kéré, etí sì pọ̀. Ìwọ̀n ẹ̀ẹ̀kan kì í ṣe ìdájọ́. Bó bá tó 140 lórí 90, a ó ní kó padà wá lọ́jọ́ mìíràn, bó bá ga jù bẹ́ẹ̀ gan-an, ilé ìwòsàn yá.

Àwọn ibòmíràn ti gbé e síwájú. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ètò Reading Well bẹ̀rẹ̀ ní 2013: àwọn onímọ̀ ìlera yan ìwé lórí ìrònú, ìbẹ̀rù àti àìrísùn, dókítà lè ní kí aláìsàn lọ yá wọn, ilé-ìkàwé aráàlú sì ní wọn lórí pẹpẹ. Ọmọ Yorùbá tó ń gbé Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù lè gba ibẹ̀ wọ inú ọ̀rọ̀ tí kò ní lè sọ fún ẹbí. Àwa ń rán ènìyàn láti ilé-ìkàwé lọ sí ilé ìwòsàn. Èyí tó wù mí láti rí ní Lomé ni kí ilé ìwòsàn náà máa rán ènìyàn sí wa. Ní Tamale ní àríwá Gáná, ilé-ìkàwé ìjọba àti àjọ Savana Signatures fi ọ̀rọ̀ ìlera ránṣẹ́ sórí fóònù àwọn aboyún. Wọn kò dúró kí aboyún wá bá wọn.

Ẹlẹgbẹ́ mi kan máa ń ta kò mí. Á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ilé-ìkàwé ni wá, a kì í ṣe dìspẹ́ńsárì. Ìwé pàápàá kò tó wa." Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. A kò gbọdọ̀ júwe oògùn, a kò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni pé ara rẹ̀ le. Àmọ́ bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Àìtó ìwé kò ní kí a má rí i pé ojú ni a fi ń kàwé, ara ni a sì fi ń jókòó tì í. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ju àtakò rẹ̀ lọ ni ètò tó ń bá owó àjèjì wọlé tó sì ń bá a jáde. Mo mọ ibi tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Braille wà lábẹ́ eruku, torí pé owó rírà rẹ̀ wà nínú ètò, owó ẹni tí yóò máa lò ó kò sí níbẹ̀.

Òfin kò ṣàìsí. Tógò ti ní òfin lórí ààbò àwọn aláàbọ̀ ara láti oṣù kẹrin ọdún 2004, ó sì fọwọ́ sí Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ wọn ní 2011. Ní Nàìjíríà, òfin tí wọ́n buwọ́ lù ní oṣù kìíní 2019 fún àwọn ilé aráàlú ní ọdún márùn-ún láti tún ẹnu ọ̀nà wọn ṣe. Ọdún márùn-ún ti pé, ṣùgbọ́n òfin kì í po sìmẹ́ǹtì. Ẹni tó lè pò ó ní Lomé sún mọ́ wa báyìí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ: láti ìgbà ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀ ọdún 2019, agbègbè Lomé Ńlá ti pín sí ìjọba ìbílẹ̀ 13, olúkúlùkù pẹ̀lú alága tirẹ̀ tí a lè lọ bá nínú ọ́fíìsì. Àwọn ilé ìkàwé CLAC tí àjọ àwọn orílẹ̀-èdè tó ń sọ Faransé dá sílẹ̀, ìgbèríko ni wọ́n ṣe é fún jù. Àwọn àdúgbò tó jìnnà sí àárín Lomé kò sì sún mọ́ àwọn ilé-ìkàwé àárín ìlú, alága wọn ló kù tí wọ́n lè lọ bá.

Bí alága kan bá bi mí pé kí ni òun yóò kọ́kọ́ ná owó lé, n kò ní dárúkọ ẹ̀rọ. Mo máa ní kó ra sìmẹ́ǹtì tó tó mítà mẹ́ta àti àbọ̀ ó lé díẹ̀, kó ra àga tó ní ìfẹ̀yìntì, kó wá nọ́ọ̀sì kan tí yóò máa yọjú lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kó sì ní kí òṣìṣẹ́ lo ọ̀sán kan lọ́sẹ̀ níta, nínú ìsọ̀ àti ní ẹnu ilé, láti béèrè ìdí tí àwọn aládùúgbò kò fi wá. Ìdí kan ṣoṣo ni kí wọ́n mú kúrò lóṣooṣù. Lẹ́yìn èyí, kó gba ẹnì kan síṣẹ́ tí kò ríran, tàbí tó ń lo kẹ̀kẹ́, kó sì máa san owó oṣù fún un bíi ti gbogbo wa. Ọgbọ́n tí mo kọ sílẹ̀ níbí, ọ̀dọ̀ irú wọn ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti wá, ọ̀fẹ́ sì ni wọ́n fún wa. Nínú gbogbo ohun tí ilé-ìkàwé ń pè ní ọ̀fẹ́, èyí nìkan ni kò yẹ kó jẹ́ ọ̀fẹ́.